Igi Tó Ya Kò Tíì Di Igi Ìdáná

Ọ̀rọ̀ igi ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Málété ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Moro, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Láti ọdún 2009 tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ti dé ìlú yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí yunifásítì tó dé ni ọyẹ́ ti ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì gbé apá ọ̀dọ̀ wa lóṣù Ṣẹ́rẹ́ kò tíì mọ ọyẹ́. Ètè a máa bẹ́, gìgísẹ̀ a máa là, ilẹ̀kùn tó há gádígádí nígbà òjò a wá máa ṣí fúnra rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá lè la gìgísẹ̀ ènìyàn, kí ni kò lè ṣe fún ère igi?

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀gá wa obìnrin kan fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Àwa olùkọ́ dá owó jọ, a ra ère ìyá tó pọn ọmọ fún un, nítorí bí ìyá ló ṣe sí gbogbo wa. Ère náà dúdú, ó sì ń dán. Inú màmá dùn, ó gbé e ka orí tábìlì ní pálọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ère ti ya láti àtàrí ìyá, ó la ojú rẹ̀ kọjá, ó dé èjìká ọmọ tó pọ̀n. Ohun funfun kan sì ń jábọ́ nínú rẹ̀. Pọ́tí ni, èyí tí àwọn káfíńtà fi ń dí ihò pákó. Ẹni tó tà á fún wa mọ̀ pé igi náà ti ya. Ó fi pọ́tí dí i, ó fi páálíṣì bàtà bò ó mọ́lẹ̀, ó sì gba owó ère tó pé.

Èyí kò dùn mí tó ohun tó tẹ̀ lé e. Ẹnì kan nínú ẹbí màmá ti ní ère ìyá àti ọmọ tí ojú rẹ̀ là sí méjì, àmì burúkú ni, kí wọ́n sọ ọ́ sínú iná. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin màmá wà nínú oyún lákòókò náà. Màmá kò sọ pé òun gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò fẹ́ jókòó kọjú sí ère náà mọ́.

Mo ní, “Màmá, ọyẹ́ ni, kì í ṣe ọ̀tá.” Igi tútù ni wọ́n gbẹ́. Igi tútù rọ ọ̀bẹ lọ́rùn, ṣùgbọ́n omi kún inú rẹ̀. Bí omi náà bá ti ń gbẹ ni igi ń súnkì. Ara rẹ̀ lóde ló ń kọ́kọ́ gbẹ, nígbà tí inú ṣì tutù. Òde fẹ́ súnkì, inú kò gbà fún un. Ni òde bá fà ya. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọṣẹ́ fi ń fi aṣọ tútù bo iṣẹ́ tí kò tíì parí, tí kì í sì í gbé e sí oòrùn.

Mo gbé ère náà lọ bá bàbá agbẹ́gilére kan ní Ìlọrin. Bàbá fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ha pọ́tí náà dànù, ó sì ní a kò ní dí i lọ́jọ́ náà. Ó ní ìgbà ọyẹ́ ni ojú ibi tó ya máa ń fẹ̀ jù. Bí a bá ki ohun líle kún un báyìí, nígbà tí òjò bá dé tí igi bá wú, kò ní rí àyè, yóò sì ya níbòmíràn. Ó gbé e sí kọ̀rọ̀ ilé títí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀.

Lẹ́yìn náà ló gé ẹ̀là tẹ́ẹ́rẹ́ lára irú igi kan náà, èyí tó ti gbẹ dáadáa. Ó rí i dájú pé bí iṣan igi ṣe lọ lára ère ló ṣe lọ lára ẹ̀là náà. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló fi gọ́ọ̀mù káfíńtà sí, kí igi lè ráyè súnkì kí ó sì ráyè wú. Ó fi ọwọ́ tì í wọlé jẹ́jẹ́. Kò fi òòlù kàn án. Nígbà tó gbẹ, ó fi ọ̀bẹ gé ibi tó yọ síta, ó sì fi ewé eépín gbo ó títí tó fi dọ́gba. Ní ti àwọn ihò kéékèèké, ó po lẹ́búlẹ́bú igi náà mọ́ gọ́ọ̀mù, ó fi dí wọn. Ó kọ́kọ́ dán èyí wò lára àjákù igi, nítorí ibi tí gọ́ọ̀mù bá wà kì í fa aró mu bí igi. Èyí tó ya bí irun orí, ìda oyin ló fi pa á.

Nígbà tí mo gbé ère padà, màmá fi ìka tọ ojú ibi tí a dí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ó mà ti kọlà!” Ó gbé e padà sórí tábìlì. Ọmọ rẹ̀ sì bímọ ní àlàáfíà.

Yàtọ̀ sí ti ọyẹ́, ọwọ́ agbẹ́gilére náà a máa ṣì. Ní Ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí ni Òsì wà, ìlú Àrèògún, àgbà agbẹ́gilére tó kú ní 1954. Bándélé ọmọ rẹ̀ ló kọ́ Lamidi Fakeye ará Ìlá níṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ tí àwọn fadá Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947. Fadá Kevin Carroll, tó wà níbẹ̀, ṣàlàyé nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1967 pé ọ̀nà mẹ́rin ni iṣẹ́ náà pín sí. Ọnà lílé ni kí a fi àáké gé ère jáde ní gbàǹgbà. Alétúnlé ni kí a ya orí, apá àti ẹsẹ̀ sọ́tọ̀. Dídán ni kí a mú un dán. Fínfín ni kí a fi ọ̀bẹ fín irun àti ilà sí i.

Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n wà níbẹ̀? Ẹni tó bá ṣì í ní ọnà lílé ṣì ní igi lọ́wọ́. Ẹni tó bá ṣì í nígbà fínfín, igi ti tán. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí imú ère kọ́kọ́ tóbi, kí ojú rẹ̀ sì kọ́kọ́ kéré. Imú tó tóbi ṣeé dín kù, ojú tó kéré ṣeé fẹ̀. Èyí tó bá ti lọ kò ṣeé dá padà.

Síbẹ̀, ọmọ kan gé imú ère rẹ̀ bọ́, ó bú sẹ́kún, ó fẹ́ jù ú nù. Mo ní kí gbogbo kíláàsì wá ẹ̀là náà nílẹ̀. A rí i, a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ kí eruku tó bà á, a fi òwú dì í di ọjọ́ kejì. Ká ní a kò rí i ni, à bá fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí wọlé díẹ̀ títí imú mìíràn yóò fi yọ. Ojú ère ì bá tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ojú ni yóò ṣì jẹ́.

Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn baba ńlá wa fi sílẹ̀, ẹ má ṣe kun ún lọ́dà, ẹ má sì ha ara rẹ̀. Ní Èsìẹ́, níbi tí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1945, ère òkúta tó ju 1,000 lọ ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti kán lórí tàbí lápá, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò wọ́n.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Bí ẹ bá tún ère ṣe, ẹ fi ojú ibẹ̀ han oníbàárà yín, kí ẹ sì dín owó rẹ̀ kù díẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tó rà yóò padà wá. Ẹni tí ọyẹ́ bá tú àṣírí fún kò ní padà mọ́, yóò sì sọ fún àwọn ẹlòmíràn. Àtúnṣe kì í ṣe ìtìjú. Ìbòmọ́lẹ̀ ni ìtìjú. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ọba tó sọ pé ilé òun kò jó rí.