Ọ̀mì Ìlú Varna

Ìdí ọpọ́n ayò ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ọ̀mì, nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọmọ ayò 48 ló wà lójú ọpọ́n. Bí ẹnìkan bá kó 24, tí ẹnìkejì náà kó 24, ọ̀mì dé nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń yọ̀. Mo máa ń rò pé wọ́n kàn fi ọ̀sán ṣòfò ni.

Ọdún 1972 ni ojú mi là. Bobby Fischer ará Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ayé nínú ṣẹ́ẹ̀sì, èmi sì jẹ́ olùkọ́ ọ̀dọ́ n'Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń kọ́ni ní ìwé tí Fischer fúnra rẹ̀ kọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n to ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì kalẹ̀, wọ́n ní, "Àbúrò, jókòó, wá wo ọ̀mì."

Varna ni wọ́n ti ta á, ní Bùlgáríà, létí Òkun Dúdú, lọ́dún 1962. Mikhail Botvinnik ti Soviet Union ló wà lórí oyè nígbà náà, ẹni ọdún 51. Fischer kò ju ọmọ ọdún 19 lọ. Botvinnik ti yẹ ọ̀nà tó gbà wò láti ilé, ó dá a lójú. Àfi bí Fischer ṣe gbé ayaba rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹtàdínlógún, tó fi pa ọmọ ogun kan, tó sì fi ayaba ọ̀hún sílẹ̀ síbi tí wọ́n ti lè pa á. Botvinnik pa á lóòótọ́. Ẹṣin Fischer sì fò, ó pa ayaba Botvinnik náà. Ibi tí baba náà kò wò nílé nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi dá a padà, wọ́n tún un ta, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n.

Ilẹ̀ ṣú, eré di ọjọ́ kejì, ọmọ ogun kan ni Fischer fi ṣíwájú. Àwọn ará Soviet kò sùn. Nínú òru yẹn ni Efim Geller, ọ̀kan nínú wọn, rí ihò abẹ́rẹ́ tí Botvinnik lè gbà yọ. Ní ìgbésẹ̀ 68, wọ́n gbà á ní ọ̀mì.

Fischer kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀nà kan wà tí òun ì bá fi borí. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á gbọ́, èmi náà gbà á gbọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tó pẹ́ ni mo tó kà á pé Garry Kasparov, ọmọ ọdún 13, akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Botvinnik, ti wá ojútùú rẹ̀ rí: ọ̀nà tí Fischer sọ yẹn náà, ọ̀mì ni yóò já sí.

Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ nígbà náà. Mo to ọpọ́n kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi nìkan, mo ń ta á lọ díẹ̀díẹ̀ títí ọmọ náà fi jàre. Ó wù mí gidi pé kí wọ́n jókòó sí iwájú mi.