Láti Bódìjà Dé Peckham: Ta Ló Gba Èdè Lẹ́nu Ọmọ Wa?

 

Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, àwa tọkọtaya gbéra ní Bódìjà, a wọ ọkọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà, ó di ìlú London. Ọmọbìnrin wa tó ń gbé ní Peckham ló bí ọmọ kejì, ó sì bẹ̀ wá pé kí a wá bá òun wẹ ọmọ. Èlùbọ́ àti ata gígún láti ọjà Bódìjà kún àpótí wa bámúbámú, nítorí a rò pé oúnjẹ ilé ti wọ́n ọmọ wa lójú.

Oòrùn ló kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu. Ní Ìbàdàn, bí aago méje alẹ́ bá lù, ilẹ̀ ti ń ṣú. Níbẹ̀, aago mẹ́sàn-án lù, ìta ṣì mọ́lẹ̀ kedere. A jókòó, à ń retí kí ilẹ̀ ṣú kí a tó jẹun alẹ́! Lọ́jọ́ kejì, a wọ bọ́ọ̀sì pupa, a na owó sí awakọ̀ bí ẹni tó ń ti Challenge lọ sí Dùgbẹ̀. Ó mi orí. Láti ọdún 2014 ni bọ́ọ̀sì London kò ti gba owó lọ́wọ́ èrò mọ́, àfi káàdì. Ọkọ ọmọ wa ló yọ káàdì tó ti rà sílẹ̀ fún wa. A kí àwọn èrò inú ọkọ̀. Ìyá arúgbó kan ṣoṣo ló dáhùn, àwọn yòókù ń wo ojú fèrèsé. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Àṣà ibẹ̀ ni pé kí oníkálùkù má yọ ẹnìkejì lẹ́nu.

Nígbà tí a dé Rye Lane, iṣu, ata rodo, ọ̀gẹ̀dẹ̀, títí kan èlùbọ́, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àṣé omi ni a bù lọ sódò! Obìnrin tó ta iṣu fún wa gbọ́ ohùn wa lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ kú àbọ̀ o." Inú wa dùn. A ní ibi tí Yorùbá pọ̀ tó báyìí, èdè wa kò lè parun níbẹ̀.

Ilé ni a dé kí ojú wa tó là. Ọmọ tó gbọ́n tó sì níwà ni ọmọ ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n bí a bá ní "Wá jẹun," ojú ìyá rẹ̀ ni yóò máa wò, kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyá wa tó kù sílé ní Bódìjà, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, pè lórí fóònù. Wọ́n ní kí a fún àwọn ní Àjàní. Wọ́n kì í, wọ́n súre fún un, wọ́n wá dákẹ́, wọ́n ń retí àmín. Ọmọ náà dá fóònù padà fún wa, ó ní òun kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìyá ṣì wà níbẹ̀. "Ṣé Àjàní gbọ́ mi?" A kò mọ èsì tí a lè fọ̀.

Inú bí wa sí ọmọ wa. A ní London ti bà á jẹ́. Ó kúnlẹ̀ bẹ̀ wá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ̀rọ̀, nítorí òun ló yá a lẹ́nu. Ó ní ṣé a rántí pé nígbà tí òun wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì yóò san owó ìtanràn? Ó ní bí òun bá sì dé ilé, àwa náà kì í jẹ́ kí òun sọ ọ́, kí Gẹ̀ẹ́sì òun má baà bàjẹ́. Níbo ni òun ìbá ti kọ́ bí a ti ń fi Yorùbá tọ́mọ?

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lákínyẹmí ara. Ẹ̀rù tó bà wá nígbà náà kò sì nídìí. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú ẹ̀kọ́ mìíràn. Ifẹ̀ kò jìnnà sí Bódìjà, ṣùgbọ́n àwa kò fetí sí i.

Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti jókòó ti oúnjẹ alẹ́, Yorùbá nìkan ni títí ọmọ yóò fi sùn. À ń ka àtẹ̀gùn ilé: ení, èjì, ẹ̀ta. À ń pa àlọ́ ìjàpá. A sọ ìtàn Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ fún un, èyí tí a fi owó kòkó àwọn àgbẹ̀ wa kọ́, tó sì parí ní ọdún 1965. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ bi oníṣu Rye Lane pé, "Èló ni?" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọsàn kan ṣe èènì fún un. Kí a tó padà, ìyá tún pè, wọ́n sì súre. Ọmọ náà ní, "Àmín, Ìyá." Kò gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí àmín wà.

Nígbà tí a padà sílé, a gba Challenge, a gba Ring Road, a fojú rí Ilé Kòkó, a sì dé Bódìjà láyọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn, a gbọ́ tí ìyá ọ̀dọ́ kan ń bá ọmọ rẹ̀ wí pé kò gbọ́dọ̀ sọ Yorùbá níwájú àlejò. A wo ara wa. Àwa gan-an ni a rí, ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. A pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, a sì sọ ìtàn fóònù náà fún un.

Kí àwọn ọmọ wa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Iṣẹ́ òòjọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Lálẹ́ òní, ẹ fi Yorùbá bi ọmọ yín bí ọjọ́ rẹ̀ ti rí, kí ẹ sì ní sùúrù títí yóò fi fi Yorùbá dáhùn.