Orogún Ata Dé

Nílé tí wọ́n ti bí wa, n'Íbàdàn, kò sẹ́ni tó ń kọ̀wé béèrè fún ológbò. Èkúté á pọ̀ nílé, ẹnì kan á ní ẹ lọ bá ìyá tó ń ta gaàrí lójúde, ológbò wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ ó sì fi páálí gbé ọ̀kan bọ̀ wálé. Iṣẹ́ ló bá wá. Tó bá ṣiṣẹ́, á rí egungun ẹja jẹ. Tó bá wù ú, á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, kò sẹ́ni tó máa pe ọlọ́pàá.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí a sọ fáwọn ọ̀rẹ́ wa nílé pé a kọ fọ́ọ̀mù olójú ewé mẹ́rin, pé obìnrin kan fi fídíò wo pálọ̀ wa, fèrèsé wa àti ẹ̀yìnkùlé wa, pé a tún san £120 kí wọ́n tó fún wa ní ọmọ ológbò tí kò tóbi ju àkàrà méjì lọ, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá wa lóhùn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ṣé ológbò yẹn gbọ́ Òyìnbó ni?"

Leeds là ń gbé. Àwa méjèèjì là ń kọ kóòdù jẹun, ọmọ wa obìnrin sì jẹ́ ọmọ ọdún 7. Ẹnì kẹrin nínú ilé ni Ata. Pepper lorúkọ tó ń jẹ́ nígbà tí wọ́n fà á lé wa lọ́wọ́ lọ́dún 2019. Ìyá àgbà tó wà nílé kejì sí tiwa ló ni ín. Ilé ìtọ́jú arúgbó ni wọ́n ń kó màmá lọ, wọn ò sì gba ẹran ọ̀sìn níbẹ̀. A sọ ọ́ di Ata, ìwà rẹ̀ sì bá orúkọ náà mu. Ó ti pé ọmọ ọdún 13 báyìí. Kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, àìsàn tó wọ́pọ̀ lára ológbò tó ti dàgbà, oúnjẹ ọ̀tọ̀ tí phosphorus rẹ̀ kéré ni dókítà ẹranko sì ní kó máa jẹ.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ẹ gba ẹyọ kan sí i, kí àgbà ológbò yín lè rẹ́ni bá ṣeré. A ò fi ìyẹn tan ara wa. Ìran tí ológbò ilé ti ṣẹ̀ wá, ológbò igbó ilẹ̀ Áfíríkà táwọn onímọ̀ ń pè ní Felis lybica, ńṣe ló ń dá rìn, tó ń dá ṣọdẹ. Kò ní ẹgbẹ́ bíi ti ajá. Lóòótọ́, ó ti pẹ́ tí ológbò ti ń bá èèyàn gbé: ní erékùṣù Cyprus, wọ́n hú egungun ológbò kan tí wọ́n sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn ní nǹkan bí 9,500 ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n èèyàn ló gbà láti bá gbé o. Kò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn pé òun máa bá ológbò mìíràn pín pálọ̀. Ata ò bẹ̀ wá níṣẹ́. Ọmọ wa ló fẹ́ ọmọ ológbò, àwa náà sì fẹ́ ẹ, ohun tó bá tìdí ẹ̀ yọ, ọrùn wa ló máa wà.

Ní àsìkò ooru, ilé ìtọ́jú ẹranko máa ń kún fọ́fọ́ fún ọmọ ológbò lápá ibi tí a wà yìí. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò: abo ológbò lè lóyún ní kété tó bá pé nǹkan bí oṣù 4, oyún náà ò sì ju ọ̀sẹ̀ 9 lọ. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n rí nínú gáréèjì ẹnì kan. Nígbà tí a máa fi débẹ̀, mẹ́ta ti rílé lọ, ó ku ẹyọ kan, akọ, dúdú bí kóró iṣin, tó jókòó sẹ́yìn páálí tó ń wò wá. Obìnrin tó mú wa wọlé ní kò ya òun lẹ́nu, àwọn dúdú ló máa ń pẹ́ jù nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí tiẹ̀ dùn wá díẹ̀, kò kúkú pọn dandan ká ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ẹgbẹ́ Cats Protection, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1927, ya ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ológbò dúdú nìkan, káwọn èèyàn lè ṣàánú wọn. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà pé oríire ni kí ológbò dúdú gba iwájú ẹni kọjá.

A sọ ọ́ ní Dúdúyẹmí.

Màmá rí i lórí WhatsApp. "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí! Nínú gbogbo àwọ̀ tí Ọlọ́run dá, dúdú náà lẹ rí mú? Ẹ tún wá fi orúkọ ọmọ èèyàn pè é." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. A mọ ohun tí wọ́n ń rò, gbogbo ẹni tó bá dàgbà nílé wa ló mọ ìtàn ológbò dúdú tó ń ké lórí òrùlé lóru àti àwọn ìyá tí wọ́n ní ó rán an. A ò bá wọn jiyàn. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé nígbà tí wọ́n tún máa sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ Ata ni wọ́n gbé sẹ́nu.

"Ẹ̀yin mọ̀ pé orogún lẹ mú bá a?"

A ní akọ ni Dúdúyẹmí, Mà. Wọn ò dá wa lóhùn. Nílé oníyàwó mẹ́ta ni Màmá ti dàgbà, ìyá tó bí wọn ni ìyàwó kejì, kò sì sóhun tẹ́ ẹ lè sọ fún wọn nípa orogún. Wọ́n ní, "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pàdé lọ́nà ilé ìdáná. Ìyáálé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kí láàárọ̀, ìyáálé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún. Kí ìyàwó jókòó sí yàrá tiẹ̀, títí ìyáálé á fi wá wò ó fúnra rẹ̀."

Nígbà tí a wá ṣí ìwé tí ilé ìtọ́jú ẹranko fún wa, ohun kan náà ló wà níbẹ̀, àfi pé ó gùn ju ti Màmá lọ.

Ọ̀nà yìí yé wa dáadáa. Níbi iṣẹ́ wa, a kì í ṣàdédé gbé kóòdù tuntun lé orí ohun táwọn èèyàn ń lò lọ́wọ́. A máa ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan ná, ká dán an wò, ká sì rí i pé ọ̀nà wà láti dá a padà bó bá dojú rú. Yàrá tí a ti ń ṣiṣẹ́ la fún Dúdúyẹmí, àwa wá ń ṣe ìpàdé Zoom nínú yàrá ìsùn. A gbé omi, oúnjẹ, àwo iyanrìn àti páálí kan síbẹ̀, a pa ilẹ̀kùn dé. Lẹ́yìn náà la wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òórùn. Ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ológbò, àwọn ibì kan wà tó ń sun òórùn tí imú tiwa ò lè gbọ́, òun ló ń fi pa lára àga àti ẹsẹ̀ yín, ohun tó bá sì ní òórùn yẹn lára, ọ̀rẹ́ ni. A fi ìbọ̀sẹ̀ ọmọ wa pa Dúdúyẹmí lẹ́rẹ̀kẹ́, a gbé e síbi tí Ata á ti rí i. Ata gbóòórùn rẹ̀. Ó wò wá lójú. Ó fà á lọ sínú àwo iyanrìn tiẹ̀, ó sì wa iyanrìn bò ó.

Ọjọ́ kẹrin ni nǹkan yí padà. Ata ò jẹun tán.

A ní Google Sheets kan tí a ń kọ oúnjẹ rẹ̀ sí látìgbà tí ọ̀rọ̀ kíndìnrín ti bẹ̀rẹ̀ (ẹ má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ ló bà wá jẹ́). Gíráàmù 52 ló máa ń jẹ lójúmọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, 31. Ọjọ́ karùn-ún, 9. Àárọ̀ ọjọ́ kẹfà, òdo. Ó lọ jókòó sẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

Èèyàn lè gbààwẹ̀, ajá lè gbààwẹ̀, ti ológbò ò rí bẹ́ẹ̀. Tí kò bá jẹun fún ọjọ́ díẹ̀, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rá lọ sínú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ ọ̀hún ò sì mọ bó ṣe máa rí i lò. Ẹ̀dọ̀ á dí, ológbò lè kú. Dókítà ẹranko gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Kíndìnrín ò burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dókítà fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kó máa rìn ín níkùn àtèyí tó ń ṣí ọ̀nà ọ̀fun, ó ní bí kò bá jẹun títí alẹ́ ọjọ́ kejì, Sátidé, wọ́n máa dá a dúró, wọ́n máa ti ọ̀pá oúnjẹ bọ̀ ọ́ nímú.

Alẹ́ ọjọ́ náà la jà. Ìwé àdéhùn ilé ìtọ́jú ẹranko sọ ọ́ kedere pé ìgbàkígbà la lè dá ọmọ ológbò padà, wọn ò ní bínú. Ọ̀kan nínú wa ní ká dá a padà láàárọ̀, Ata ló kọ́kọ́ débí. Ẹnì kejì ní ọjọ́ 6 péré ni, pé ẹyọ kan ṣoṣo tó kù nínú mẹ́rin la fẹ́ dá padà sínú àgò yẹn, pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀ yẹn. Nínú kóòdù, dídá nǹkan padà ò le, bọ́tìnnì kan ni. Èyí ti mọ orúkọ rẹ̀. Ohùn wa ti ń lọ sókè nígbà tí ọmọ wa fi sọ̀rọ̀ láti orí àtẹ̀gùn. Ó ní, "Ata ńkọ́, ta la lè dá òun padà fún?"

Kò sẹ́ni. Ìyá àgbà yẹn kú lọ́dún 2021.

Ibẹ̀ la ti fẹnu kò: bí Ata ò bá jẹun títí aago mẹ́jọ alẹ́ Sátidé, Dúdúyẹmí máa padà. A sọ ọ́ fún ọmọ wa bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, a ò fi irọ́ lá a. Ó sunkún títí oorun fi gbé e lọ.

Àwa ò sùn. A pín òru sí méjì, ẹnì kan á wà nílẹ̀ ilé ìdáná pẹ̀lú Ata, ẹnì kejì á sinmi. A gbé oúnjẹ rẹ̀ sínú máíkírówéèfù fún ìṣẹ́jú àáyá 8, torí oúnjẹ tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ máa ń ta sánsán, imú sì ni ológbò fi ń jẹun kó tó fi ẹnu jẹ. A na ọwọ́. Ó wo ọwọ́ náà. A tún mú un gbóná. Màmá ò tíì sùn n'Íbàdàn, wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́: "Ẹ bẹ̀ ẹ́. Ẹ pè é ní ìyáálé. Ẹ má wò ó lójú bí ẹni ń bínú o." Láago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ata fi ahọ́n kan ìka. Lẹ́yìn náà ló jẹ. Gíráàmù 6. A kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Kí ilẹ̀ Sátidé tó ṣú, ó ti jẹ 27.

Dókítà ní oògùn ló ṣiṣẹ́. Màmá ní ìyáálé tí wọ́n bẹ̀ ni. Ọmọ wa ní òun ni, torí láti ọjọ́ kẹta lòun ti ń ṣẹ́jú jẹ́jẹ́ sí Ata. Kò kúkú parọ́ lórí ìṣẹ́jú yẹn: àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Sussex gbé e jáde lọ́dún 2020 pé bí èèyàn bá ń pa ojú dé díẹ̀díẹ̀, tó tún ń là á díẹ̀díẹ̀ sí ológbò, ológbò á máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí i padà, á sì lè sún mọ́ ọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí a tó jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn, láàárín géètì kékeré tí a ń lò nígbà tí ọmọ wa ń kọ́ ìrìn. Ata ṣe "hàáá!" bí ejò. Dúdúyẹmí dùbúlẹ̀, ó gbé ikùn sókè. Nígbà tí a ṣí géètì, ó lọ fi imú kan ìrù Ata, Ata sì gbá a létí lẹ́ẹ̀mejì, kò fi èékánná sí i. Inú wa dùn sí àìsí èékánná yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Wàhálà oúnjẹ ló wá kù. Oúnjẹ ọmọ ológbò lágbára ju ohun tí kíndìnrín Ata lè gbé, oúnjẹ Ata ò sì lè dàgbà ọmọ. Lórí èyí, òfin ló ràn wá lọ́wọ́. Láti ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2024 ni ìjọba ti sọ ọ́ di dandan ní England pé kí gbogbo ológbò tó ní olówó ní chip lábẹ́ awọ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 20. Ẹni tí kò bá ṣe é lè san owó ìtanràn tó tó £500. A ra àwo oúnjẹ kan tó ń ka chip náà: bí Dúdúyẹmí bá dé, ìdérí á ṣí, bí Ata bá dé, kò ní mira. Ẹnu ya Màmá. "Àwo ń yẹ káàdì wò?" A ṣètò rẹ̀ tayọ̀tayọ̀, bí ẹni pé àwa la kọ ọ́. Ata fi ọ̀sẹ̀ kan wò ó. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó dúró sẹ́yìn Dúdúyẹmí tó ń jẹun, ó sì rọra ti orí bọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́. Níbi iṣẹ́, owó oṣù gidi ni wọ́n ń san fẹ́ni tó bá lè rí irú ihò bẹ́ẹ̀. A fi pátákó kan dí i.

Oṣù kẹrin rèé. Wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ata ṣì ń gba etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, àárọ̀ ló sábà máa ń jẹ́, bí ẹni tó ń bọwọ́ lu ìwé. Ṣùgbọ́n orí àga kan náà ni wọ́n ti ń sùn. Ọmọ wa ń fi rúlà wọn àárín wọn, ó sì ń kọ ọ́ sínú Sheets tiwa: lóṣù kejì, sẹ̀ǹtímítà 140, lóṣù kẹta, 85, lọ́sẹ̀ tó kọjá, 38. Màmá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa láìpẹ́. Wọ́n ti ní àwọn ò ní sùn sí yàrá tí ológbò dúdú bá wà, wọ́n sì ti ní ká fi fóònù yà á kí àwọn rí i bóyá ó ń jẹun.