Láptọ́ọ̀pù Tòkunbọ̀ Kan ní Wuse 2

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Kubwa wá sí àárín Abuja, tó sọ fún dírẹ́bà pé Banex lòun ń lọ, kò nílò àlàyé kankan mọ́. Banex Plaza wà ní Aminu Kano Crescent, ní Wuse 2, orúkọ ilé náà sì ti di orúkọ oríta tó wà níbẹ̀. Fóònù, láptọ́ọ̀pù, ṣájà, bátìrì, gbogbo ohun tó bá ti ń lo iná ni wọ́n ń tà níbẹ̀, tí wọ́n sì ń tún ṣe. Emab Plaza kò jìnnà sí i rárá. Ibẹ̀ ni bọ́ǹbù ti dún ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 2014, lọ́jọ́ tí Nàìjíríà àti Ajẹntínà jọ gbá bọ́ọ̀lù ife àgbáyé. Ẹ̀mí ṣòfò lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, ọjà kò tú. Bí ẹ bá débẹ̀ lónìí, ariwo tí ẹ máa gbọ́ ni ti àwọn ọmọ tó ń fa oníbàárà lápá: Hausa, Igbo, Yorùbá, Písìn, gbogbo rẹ̀ pa pọ̀.

Òpópónà mìíràn wà ní Wuse 2 yìí kan náà tó ń jẹ́ Adetokunbo Ademola Crescent, orúkọ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè yìí, láti 1958 sí 1972. Ẹ̀rín máa ń pa mí bí mo bá ń gba ibẹ̀ kọjá. Orúkọ ọmọ ni Tòkunbọ̀ lọ́dọ̀ wa, ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tí wọ́n sì gbé wálé. Àwọn oníṣòwò mọ́tò ló sọ ọ́ di orúkọ ọjà. Nígbà tó yá, ó kọjá odò Ọya. Àwọn Hausa náà ń sọ pé "motar tokunbo", wọn kò sì rò ó mọ́ pé orúkọ ènìyàn ni. Ní Banex, tòkunbọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú láptọ́ọ̀pù tí wọ́n tò sórí tábìlì. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Jámánì, Amẹ́ríkà tàbí ìlú Òyìnbó, wọ́n sì wá fi ọjọ́ ogbó wọn jìn wá.

Ọ̀kan nínú irú wọn ló gbé èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin débẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan. Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n mi ní Kubwa. Ọdún 2014 ló ra HP rẹ̀ ní tòkunbọ̀. Orí rẹ̀ ló ti ń tẹ ìbéèrè ìdánwò, orí rẹ̀ ló ti ń ṣírò máàkì àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, orí rẹ̀ náà ló sì ti tẹ ètò ìsìnkú ọkọ rẹ̀. Ní báyìí tó ti ní tuntun, ó fẹ́ ta èyí kó lè fi owó rẹ̀ kún owó ilé-ìwé. Wọ́n ti gbà á nímọ̀ràn ládùúgbò pé kó kọ́kọ́ ní kí wọ́n dá Windows rẹ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Gbólóhùn yẹn ni mo ń rò nínú ọkọ̀. Bó ṣe wà nígbà wo?

Windows 7 ló wà lórí ẹ̀rọ náà. Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe rẹ̀ dúró láti ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020. Ìyẹn kò ní kí ẹ̀rọ má tàn o. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí ihò tuntun lára rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dí i mọ́. Windows 10 náà tẹ̀lé e ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 ní tirẹ̀ kì í gba arúgbó: ó ń béèrè ohun kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, bí ọpọlọ ẹ̀rọ náà bá sì jẹ́ ti Intel, ó fẹ́ kó jẹ́ ìran kẹjọ sókè. Ìran kejì ni ti ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá ni àwọn tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún wa pe kọ̀ǹpútà. Àṣá ti èyí ti darúgbó. Bí ẹ bá tàn án, ẹ lè lọ pọn omi kó tó na ìyẹ́. Àwọn Hausa kò tilẹ̀ wo ti eré rẹ̀, "na'ura mai ƙwaƙwalwa" ni wọ́n pè é, ẹ̀rọ tó ní ọpọlọ. Ní ọjọ́ Sátidé yẹn, mo rí i pé ọ̀rọ̀ tiwọn ló bá ohun tí a fẹ́ ṣe mu.

Abẹ́ àtẹ̀gùn ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n júwe fún wa jókòó sí, láàárín àwọn láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ti tú ikùn wọn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Bó ṣe gbọ́ tí à ń sọ Yorùbá ló ti dìde.

"Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì. Àǹtí, ẹ káàárọ̀. Ẹ jókòó. Mọ́mì, ṣé ẹ ti kó ẹrù yín kúrò nínú rẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti kó o. Ó fi fláàṣì hàn án. Ọmọkùnrin yìí kò gbà á gbọ́ lásán. Ó gba fláàṣì náà, ó kì í bọ kọ̀ǹpútà mìíràn, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí fọ́tò bíi mélòó kan, kó sì tẹ ohùn ọkọ rẹ̀ tó gbà sílẹ̀ kó gbọ́. Ohùn náà jáde, ọkùnrin kan tó ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ wá jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí, ó ní ó tó. Mo fẹ́ràn ohun tí ọmọkùnrin yìí ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti kó ẹrù sínú fláàṣì tí wọn kò ṣí i wò, tí ó sì jẹ́ pé orúkọ fáìlì nìkan ló wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ó ní kí ó jáde kúrò nínú àkáǹtì Google rẹ̀, kó pa gbogbo páswọ́ọ̀dù tí Chrome ti ń tọ́jú rẹ́, kó sì wo orí fóònù rẹ̀, níbi tí WhatsApp ti ń to gbogbo kọ̀ǹpútà tó ti wọlé sí, kó yọ èyí kúrò níbẹ̀.

Ó wá tún ẹ̀rọ náà tàn, ó sì ń tẹ F11. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ayé ìgbà yẹn ni wọ́n pín háàdì dísìkì rẹ̀ sí yàrá, tí wọ́n sì tọ́jú ẹ̀dà Windows tó bá a ti ilé-iṣẹ́ wá sínú yàrá kan tó fara sin. Lórí HP, F11 ni wọ́n ń tẹ̀ láti jí i. Lórí Acer, Alt pẹ̀lú F10. Lórí Toshiba, wọ́n á di òdo mú bí wọ́n ṣe ń tàn án. Bí yàrá yẹn bá ṣì wà, ẹ̀rọ náà yóò padà di bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n tú u nínú páálí.

Yàrá náà ṣì wà. A dúró, a ra ẹ̀pà jẹ. Nígbà tí ojú rẹ̀ padà là, ohun tó kọ sí wa ni "Willkommen".

Èdè Jámánì! Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ẹ̀rọ yìí lọ́wọ́ wa, ó ti gbọ́ ìbéèrè ìdánwò Nàìjíríà, ó ti kọ orin ìsìnkú, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kó padà sí bó ṣe wà, Jámánì ló lọ. Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ tẹ́lẹ̀, àwọn tó tà á fún ẹ̀gbọ́n mi ló fi sí i. Àwọn náà ló lẹ ìwé pélébé tó ní lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì mọ́ orí bọ́tìnnì rẹ̀. Ní orí kíbọọ̀dù àwọn ará Jámánì, ibi tí Y wà lọ́dọ̀ tiwa ni Z wà. Mo tẹ "Yoruba" lórí rẹ̀, "Zoruba" ló jáde. Inú èmi tí mo ń kọ́ nípa èdè dùn, mo fẹ́ kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀gbọ́n mi kò dùn rárá.

"Ta ló máa ra èyí?" ni ó bi í.

Kò sì ṣeé yí èdè rẹ̀ padà wẹ́rẹ́. Nínú Windows 7, Ultimate àti Enterprise nìkan ni Microsoft gbà láàyè kí onílé pààrọ̀ èdè rẹ̀ pátápátá. Professional ni ti ẹ̀gbọ́n mi, ó wà lára ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ náà, pẹ̀lú nọ́ńbà onílẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èdè kọ́ ló mú ọmọkùnrin yìí dákẹ́. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín." Ó yọ háàdì dísìkì náà, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó sì tan PhotoRec, ètò ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n fi ń wá ohun tí wọ́n ti parẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí fọ́tò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kékeré nínú aṣọ ìparí ìwé. Ìwé NIN rẹ̀. Àkọsílẹ̀ máàkì àwọn ọmọ tí wọ́n ti di géńdé báyìí. Láàárín wọn ni fọ́tò kan ti jáde tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wa: obìnrin òyìnbó kan àti ọmọ méjì nínú yìnyín, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, kò léyín níwájú.

Gbogbo wa wo fọ́tò náà láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ lanu. "Pa á dé. Àwọn náà kò mọ̀ pé a ń wo àwọn."

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Bí a bá pa fáìlì rẹ́, tàbí tí a ṣe fọ́ọ̀mátì kíákíá, tàbí tí a tẹ F11, ẹ̀rọ náà kì í fọ inú ilé. Pátákó orúkọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló ń yọ. Ẹrù ṣì wà nínú yàrá títí tí ẹrù mìíràn yóò fi gba ipò rẹ̀. Windows tuntun tó wọlé kò ju nǹkan bí ogún gígábáìtì lọ nínú dísìkì onígígábáìtì 320. Ìyókù wà níbẹ̀ bó ṣe wà.

Èyí kì í ṣe ìtàn Banex nìkan. Ní ọdún 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìròyìn láti yunifásítì British Columbia ní Kánádà ra háàdì dísìkì àlòkù ní ọjà ní Ghana. Nínú ọ̀kan lára wọn ni wọ́n ti bá ìwé iṣẹ́ Northrop Grumman, ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe iṣẹ́ ààbò. Bí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá lè rò pé ilé òun ti mọ́, kí ni ti tíṣà Kubwa?

Ọmọkùnrin náà ní fífọ̀ gidi ló kù. Windows fúnra rẹ̀ ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ diskpart. Bí ẹ bá yan dísìkì nínú rẹ̀, tí ẹ sì kọ "clean all", yóò kọ òdo sí orí gbogbo dísìkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ ṣọ́ra o, bí ẹ bá yan dísìkì tó yàtọ̀, ti ara yín lẹ máa fọ̀ dànù, kò sì ní padà mọ́. Ẹni tó ń lo Windows 10 kò nílò diskpart: nígbà tó bá fẹ́ ṣe Reset, kó yan pé kó kó gbogbo nǹkan kúrò, kó sì tan èyí tí wọ́n kọ "Clean data" sí. Èyí tó ń lo SSD ní tirẹ̀ yàtọ̀, irinṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe SSD náà bá gbé jáde ló dára jù fún un.

Ó gbà tó wákàtí kan ààbọ̀. Iná lọ láàárín rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mira, nítorí ínfátà ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Bátìrì ẹ̀rọ náà ti kú tipẹ́. Ká ní ilé la ti ń ṣe é, à bá tún un bẹ̀rẹ̀. Yàrá tó fara sin lọ pẹ̀lú ìyókù. Jámánì parẹ́.

Ó wá ku kí ni a máa fi sí i. Àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní kó fi Windows 10 olè sí i bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe, yóò yá tà. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò ní ta ohun tí òun mọ̀ pé kò dára fún ọmọ ọlọ́mọ. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe yára sọ ọ́, nítorí òun gan-an ló ń wá owó. Linux Mint ni wọ́n fi sí i, ẹ̀dà Xfce tó fúyẹ́. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n ṣì ń tún un ṣe, gígábáìtì mẹ́rin tó wà nínú ẹ̀rọ náà sì tó o. Àṣá wa tún fò díẹ̀. Iye tí àwọn oníbàárà kọ́kọ́ ń pè kéré, torí pé wọn kò rí Windows níbẹ̀. Ẹni mẹ́ta ló yí i wò tó gbé e sílẹ̀.

Ẹni kẹrin ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti Katsina tó ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà. Ó béèrè bóyá ó lè fi kọ Hausa, pẹ̀lú àwọn lẹ́tà tó ní ìkọ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bojú wò mí. Mo fi ibi tí wọ́n ti ń yan kíbọọ̀dù hàn án: lábẹ́ Nàìjíríà, ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, Hausa, Igbo, Yorùbá. Ó yan tirẹ̀. Ó rọra ń wá lẹ́tà, ó tẹ "ƙwaƙwalwa", ìkọ́ méjèèjì jáde. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Màmá, èló ni ìkẹyìn?"

Ẹ̀gbọ́n mi yọ díẹ̀ kúrò fún un nítorí iṣẹ́ tíṣà.