Àìsàn Tí A Fi Pamọ́

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Maitama fẹ́ di awakọ̀ òfuurufú. Mo sọ fún un pé ìmọ̀ ìwé nìkan kò tó. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà ICAO, ẹni tó ń fi bàálù kó èrò gbọ́dọ̀ dé iwájú dókítà lọ́dọọdún, ó kéré tán. Wọ́n á yẹ ojú, etí, ọkàn àti ìrònú rẹ̀ wò. Ní Nàìjíríà, NCAA ló ń fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí ìlera náà.

Ṣùgbọ́n dókítà kì í rí ohun tí a bá fi pamọ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 2015, igbákejì awakọ̀ Germanwings mọ̀ọ́mọ̀ fi bàálù lu òkè ní ilẹ̀ Faransé. Ènìyàn 150 ló kú. Dókítà ti kọ̀wé pé kí ó sinmi, kò fi í han ilé iṣẹ́ rẹ̀.

Ìbẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ a máa di awakọ̀ lẹ́nu. Irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ wà nílé tiwa náà: bí ọmọ bá ní ọkàn òun kò balẹ̀, a ó ní kí aráyé má gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a jáwọ́ níbẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ láti bo àìsàn mọ́lẹ̀ nílé yóò bò ó níwájú dókítà lọ́la, nígbà tí ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀.