Omi ni ọ̀tá ilé: Ohun tójú àwọn onílé ń rí láti Kárà dé Mowé

Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Bẹ́gà, l'Ékòó, tó gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kò ní í pẹ́ tí yóò fi mọ̀ pé ìlú àwọn onílé lòun ń lọ. Bó bá ti kọjá Kárà níbi tí wọ́n ti ń ta màlúù, tí mọ́tò gun afárá gígùn tí gbogbo ayé ń pè ní Lọ́ńgì Bíríìjì, odò Ògùn àti àkùrọ̀ tó tẹ́ rẹrẹ ni yóò kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa kan Arẹ́pò, Mágbọ̀rọ̀, Ìbàfò, títí dé Mowé. Páànù pupa, páànù búlúù, páànù àwọ̀ ewé, wọ́n tò lọ bí ẹni pé wọn ò lópin.

Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ yìí lọ́dún 1978, oko àti igbó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Títí dòní, ẹni tó bá yà ní Mowé, ọ̀nà Ọ̀fàdà ló yà sí yẹn, ìlú tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìrẹsì tí gbogbo wa ń jẹ. Ìpínlẹ̀ Ògùn ló ni ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n Èkó ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbébẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Owó ilé l'Ékòó ló lé wọn dé ibẹ̀. Ẹlòmíì fi gírátúítì rẹ̀ ra pulọ́ọ̀tì, ẹlòmíì dá àjọ, ẹlòmíì yáwó ní kóópù. Wọ́n san owó ilẹ̀ tán, àwọn ọmọ onílẹ̀ tún gba owó fáńdéṣọ̀n, wọ́n gba owó rúùfù. Nígbà tí ilé máa fi dúró, àpò ti gbẹ. Bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe kó wọlé láìtíì kun ọ̀dà nìyẹn, tí wọ́n fi pákó dí fèrèsé, tí wọ́n ní kí àwọn ṣáà ti bọ́ lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù ná.

Àwọn ẹbí á wá kí wọn, wọn á ṣàdúrà, wọn á jẹ, wọn á mu. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún wọn lọ́jọ́ náà ni pé ilé kì í parí. Nígbà tí wọ́n ń háyà ilé, bí nǹkan bá bàjẹ́, wọ́n á pe lánlọ́ọ̀dù, wọ́n á bá a jà. Ní báyìí, bí ẹ̀rọ omi bá bàjẹ́, àwọn fúnra wọn ni lánlọ́ọ̀dù, àwọn ni púlọ́ńbà, àwọn náà ni wọ́n ń bá ara wọn jà. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni wọ́n sì fi ń sinmi, nítorí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ìdájí ló ń jáde, alẹ́ ló ń wọlé. Gbogbo àtúnṣe ilé, ọjọ́ Sátidé yẹn náà ló ń dúró dè.

Bí èèyàn bá sì jókòó ti àwọn tó ti pẹ́ ní àdúgbò náà, ibi kan náà ni ọ̀rọ̀ wọn máa ń já sí. Kì í ṣe olè ló ń ba ilé jẹ́ jù, kì í ṣe ikán, kì í ṣe ọmọdé tó ń fi bọ́ọ̀lù fọ́ gíláàsì. Omi ni. Omi ń ti ìsàlẹ̀ wá, ó ń ti òkè wá, ó sì ń ti inú páìpù wá. Ẹni tó bá mọ bó ṣe máa lé omi ti mọ ìdajì iṣẹ́ ilé.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìsàlẹ̀ ná. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá odò Ògùn, àkùrọ̀ ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 1983 ni ìdídò Ọ̀yán ti wà lókè, lápá Abẹ́òkúta. Bí òjò bá pọ̀, tí ìdídò náà kún, wọ́n gbọ́dọ̀ tú omi sílẹ̀, odò Ògùn ló sì ń gbé e wá sí ìsàlẹ̀, sí ọ̀nà Ìṣẹrì àti Kárà. Ẹni tó ra ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó rí i pé ó gbẹ táútáú, kò mọ ohun tó rà títí di oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá.

Kódà níbi tí omi odò kì í dé, omi inú ilẹ̀ ń bẹ. Nígbà tí bíríkìlà bá mọ fáńdéṣọ̀n tán, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í to búlọ́ọ̀kù ògiri, ó yẹ kó tẹ́ náílọ́ọ̀nù dúdú tó nípọn sí àárín méjèèjì. Òun ni wọ́n ń pè ní DPC. Búlọ́ọ̀kù a máa fa omi bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo, náílọ́ọ̀nù yìí ni kì í jẹ́ kí omi náà gun ògiri lọ. Ṣùgbọ́n torí pé ẹnikẹ́ni kì í rí i mọ́ lẹ́yìn tí ilé bá dúró, òun ni àwọn kan ń fò.

Ọdún kejì ni ọ̀rọ̀ ń jáde. Ògiri á rin láti ilẹ̀ títí dé orúnkún, nǹkan funfun bí iyọ̀ á yọ lára rẹ̀. Onílé á ní ọ̀dà ni kò dáa. Á ra òmíràn, á fi Sátidé méjì gbáko kùn ún. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, ọ̀dà á tún wú, á máa bó bí ìpẹ́ ẹja. Ọ̀dà mélòó lèèyàn fẹ́ rà? Àwọn tó gbọ́n á kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀yìn ìta: ṣé ilẹ̀ ìta ò ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ? Ṣé omi òjò ò dúró sẹ́sẹ̀ ògiri? Wọ́n á gbẹ́ gọ́tà kó gbé e lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ha sìmẹ́ńtì ara ògiri kúrò títí kọjá ibi tí omi gùn dé, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ dáadáa, wọ́n á wá fi sìmẹ́ńtì tí wọ́n po wọ́tà-púrúùfù mọ́ rẹ́ ẹ. Ọ̀dà ló kẹ́yìn.

Omi òkè tún ni tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ní aago méjì òru, òjò á dé, ìyàwó á jí ọkọ: "Bàbá Ìbejì, ẹ dìde, ó tún ti ń jò o!" Wọ́n á gbé abọ́ sílẹ̀, wọ́n á gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò. Lọ́jọ́ kejì kápẹ́ńtà á gun òkè, á kan ìṣó mẹ́rin, á gbowó, á ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Dádì, kò lè jò mọ́ láéláé." Òjò tó tẹ̀ lé e, ó ń jò níbi méjì.

Ohun tó fa èyí kò ṣòro. Omi kì í sábà kán síbi tó gbà wọlé. Ó lè gba ihò ìṣó kan wọlé lókè, kó rìn lórí pákó bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, kó tó wá kán sórí síìlì. Ẹni tó bá ń dí ibi tó tóbi lójú nínú yàrá, ibi tí kò jò ló ń dí, àwọn ìṣó tuntun tó sì kàn, ihò tuntun ló dá sílẹ̀. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lọ́wọ́ lọ́sàn-án ló yẹ kéèyàn mú tọ́ọ̀ṣì yọjú sínú àjà, kó tọ ipa omi náà títí dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, kó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Bí òjò bá dá, tí páànù gbẹ, ẹni tó mọ òrùlé gùn á lọ bá àmì náà. Ìṣó tí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ ti jẹ ni wọ́n á yọ, wọ́n á fi èyí tó sanra jù ú lọ, tó ní rọ́bà tuntun, rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tó bá ń gun òrùlé, ibi tí ìṣó tò sí ni kó máa tẹ̀, nítorí pákó wà lábẹ́ ibẹ̀. Kó má gùn ún nígbà tó bá tutù, kí ẹnì kan sì di àkàsọ̀ mú nísàlẹ̀. Bàbá tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún kò ní ohun tó ń wá lórí páànù. Owó kápẹ́ńtà kò tó owó ẹsẹ̀ tó kán.

Ó ku omi inú páìpù. Ẹ̀rọ omi tó ń kán tó, tó, tó, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà á sí. Bó bá ń kán lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ìgbà 86,400 ni lójúmọ́. Ìyẹn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kẹ́ẹ̀gì ńlá kan. Níbi tó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń fa omi bóhóòlù, epo bẹntiróòlù ló ń kán dànù yẹn. Wáṣà kékeré inú ẹ̀rọ ló jẹ. Ẹni tó bá ti tì omi pa láti orí páìpù ńlá, sípánà kan àti wáṣà tuntun ti tó o, kò nílò púlọ́ńbà.

Ṣùgbọ́n táǹkì kì í ṣe ọ̀rọ̀ sípánà. Lítà omi kan, kílò kan ni. Táǹkì oní-lítà 2,000 tó bá kún, ẹrù tọ́ọ̀nù méjì ló wà lórí irin yẹn, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré lábẹ́. Ìdí irin náà, níbi tó ti wọ kọ́ńkéré, ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ lomi máa ń dúró sí. Ẹ máa fi òòlù kàn án wò. Bó bá ti ń bó bí èèpo, wẹ́dà ló kàn, kì í ṣe ọ̀dà.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ba èèyàn lẹ́rù jù ni ti kànga àti sókàwé. Pulọ́ọ̀tì kan níbẹ̀, 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120 ni. Ẹlòmíì sì jẹ́ ìdajì ló rà. Ìmọ̀ràn àwọn elétò ìlera ni pé kí kànga fi nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà jìnnà sí sókàwé. Ẹni tó ní ìdajì pulọ́ọ̀tì, báwo ló ṣe fẹ́ ṣe é? Bó bá tilẹ̀ rí tirẹ̀ ṣe, ṣé ó mọ ibi tí aládùúgbò gbẹ́ tiẹ̀ sí lẹ́yìn fẹ́ńsì? Omi á mọ́ lójú, inú á máa run àwọn ọmọ, wọ́n á ní taifọ́ọ̀dù ni, wọn ò ní béèrè ibi tó ti wá. Kí onílé tó gbẹ́ ohunkóhun, kó kọ́kọ́ bá àwọn tó yí i ká sọ̀rọ̀. Bí ó bá ti bọ́ sórí tẹ́lẹ̀, kó mọ ẹnu kànga ga, kó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ àyíká rẹ̀, kó ní kí wọ́n yẹ omi náà wò, kí wọ́n sì máa se èyí tí wọ́n bá fẹ́ mu.

Níbi kan, ọwọ́ onílé gbọ́dọ̀ dúró. Omi àti iná kì í ṣọ̀rẹ́. Bí ògiri tó rin bá ń gbọn èèyàn lọ́wọ́, tàbí tí omi òrùlé bá ń gba inú páìpù wáyà wálẹ̀, kí wọ́n pa iná láti orí mítà, kí wọ́n pe ẹni tó kọ́ṣẹ́ iná. Bákan náà ni ti ògiri tó bá sán. Ẹ fi pẹ́ńsù fàlà sí òpin rẹ̀ méjèèjì, ẹ kọ déètì síbẹ̀. Bí kò bá kọjá àmì náà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ dí i. Bó bá ń gùn sí i, tí ẹnu rẹ̀ ń fẹ̀, tàbí tí ilẹ̀kùn tó ń tì tẹ́lẹ̀ ò tì mọ́, fáńdéṣọ̀n ló ń rìn. Ẹ wá ẹ̀ńjíníà tó mọ̀ nípa ilé kíákíá. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n bá fi dí irú ìyẹn, ojú lásán ni wọ́n fi bò.

Àwọn kan wà tó jẹ́ ìtìjú ni kì í jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Wọn ò fẹ́ kí aládùúgbò mọ̀ pé ilé tuntun ń jò. Àwọn mìíràn ń dúró kí owó ńlá dé, kí wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Owó ńlá ò dé, ihò ìṣó ti ba síìlì jẹ́, síìlì ti ba wáyà jẹ́, pákó àjà ti jẹrà, ikán sì ti gbọ́. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ohun tó ń la ògiri lẹ́nu, omi kékeré tí wọn ò kà sí ni.

Àwọn tí ilé wọn dúró dáadáa ní agbègbè yìí, kì í ṣe àwọn ló lówó jù. Wọ́n mọ ìgbà ni. Òjò a máa pọ̀ láti oṣù kẹrin títí dé ìkeje, á sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, á tún dé ní oṣù kẹsàn-án. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gun òrùlé, ni wọ́n ń gbọ́n gọ́tà. Nínú ìsinmi oṣù kẹjọ, wọ́n á tún yẹ ibi tí òjò àkọ́kọ́ bà jẹ́ wò. Ní ìpàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù, wọ́n á dá owó gọ́tà àdúgbò, torí omi tí ẹnì kan lé kúrò nílé rẹ̀, bí kò bá rọ́nà lọ, ilé ẹlòmíì ló máa wọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra ilẹ̀, kó má lọ wò ó nínú ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. Kó wọ bàtà òjò, kó lọ wò ó nínú oṣù kẹwàá, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbébẹ̀ ibi tí omi ń dé lára ògiri wọn. Wọ́n á nawọ́ sí i fún un.