Oore Kérésìmesì ní Àkókò Ọ̀wọ́n

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ Yorùbá ti fi òwe yìí ṣe ìwà hù tipẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì, bí ìyá ilé bá ti sọ ìkòkò kalẹ̀, abọ́ ti opó tí ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà ni yóò kọ́kọ́ bù, lẹ́yìn náà ti Alájì tí ó fi ẹran Iléyá ránṣẹ́ sí i. Yóò fi aṣọ funfun bo abọ́ náà, yóò sì gbé e fún ọmọ pé, “Lọ bá mi kí wọn pé wọ́n kú ọdún.” Opó náà kò tò sórí ìlà kí ó tó jẹun. Aládùúgbò tí ó rí abọ́ náà kò sì lè mọ̀ bóyá aláìní ni a fi oúnjẹ ràn lọ́wọ́, tàbí ọ̀rẹ́ ni ó bu oúnjẹ fún ọ̀rẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n dé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, iye náírà já wálẹ̀. Owó ọkọ̀ gòkè, owó oúnjẹ sì gùn ún lẹ́yìn. Ní oṣù Keje ọdún 2024, òfin sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ di ₦70,000. Síbẹ̀, nígbà tí Kérésìmesì ọdún náà fi dé, gbogbo rẹ̀ kò tó ra àpò ìrẹsì ńlá kan. Ìyá tí ń bu oúnjẹ fún opó di ẹni tí ń ka iye ife ìrẹsì tí àwọn ọmọ tirẹ̀ yóò jẹ.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 yìí kan náà ni oore di ẹkún. Ní ọjọ́ 18, ọmọdé 35 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní ibi àríyá ọdún tí a ṣe fún àwọn ọmọdé ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 21, ènìyàn 10 kú ní Àbújá níbi tí ìjọ kan ti fẹ́ pín oúnjẹ fún àwọn aláìní. Ní ọjọ́ náà gan-an, àwọn tí ó lé ní 20 kú ní Òkìjà, ní ìpínlẹ̀ Anámbra, níbi tí wọ́n ti ń pín ìrẹsì. Àwọn tí ó fẹ́ ṣe oore kò gbèrò ibi. Àwọn tí ó wá gbà á kì í sì í ṣe ọ̀kánjúà. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó mọ̀ pé ohun tí a fẹ́ pín lè tán kí ó tó kàn án kò lè ṣàìtiraka.

Kí ni ìgbàgbọ́ wí sí èyí? Ìtàn Bẹ́tílẹ́hẹ́mù fúnra rẹ̀ ni ìdáhùn. Ọlọ́run kò pe aráyé jọ sí ẹnu ọ̀nà ọ̀run kí wọ́n máa ti ara wọn. Òun ni ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn. Inú pápá tí àwọn olùṣọ́-àgùntàn ti ń ṣọ́ agbo wọn ní òru ni ìròyìn ayọ̀ ti bá wọn. Bẹ́ẹ̀ ni Bóásì ṣe fún Rúùtù: ó ní kí àwọn ìránṣẹ́ òun mọ̀ọ́mọ̀ fa ọkà sílẹ̀ fún un, kí wọ́n má sì bá a wí. Rúùtù rí oúnjẹ, ojú kò sì tì í.

Ẹnì kan lè wí pé àwọn aláìní ti pọ̀ jù fún irú oore bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìṣòro yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń gbójú fo àwọn opó kan nínú ìpín oúnjẹ ojoojúmọ́ ní Jerúsálẹ́mù, àwọn àpọ́sítélì mú kí ìjọ yan ọkùnrin méje tí a jẹ́rìí sí láti bójú tó o. Ìjọ òde òní pẹ̀lú ní olórí ẹgbẹ́ ní àdúgbò gbogbo. Wọ́n mọ ilé tí iná kò jó nínú ààrò. Wọ́n mọ olùkọ́ tí kò rí owó oṣù gbà, àti opó tí kò lè san owó ilé. Bí a bá fi ìrẹsì lé wọn lọ́wọ́ ní alẹ́, yóò dé ilé wọ̀nyẹn láìsí ariwo.

Kò sì dìgbà tí ènìyàn bá lọ́rọ̀. Àwọn ará Makedóníà wà nínú òṣì ńlá nígbà tí wọ́n dáwó fún àwọn ará Jerúsálẹ́mù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ sí ilé fún ìsinmi Kérésìmesì lè fa omi fún arúgbó, ó sì lè kọ́ ọmọ aládùúgbò ní ìwé láìgba owó. Ìyá tí ó ń ka ife ìrẹsì lè yọ ìdajì ife kan sọ́tọ̀. Abọ́ náà lè kéré ju ti àtijọ́ lọ; kí ó ṣáà ti ní ìbòrí, kí ọmọ sì gbé e dé ọ̀dọ̀ opó náà nínú ilé rẹ̀.